Ṣé ẹ̀fọn lè gbé mẹ́dọ̀wú láti ara ọkọ dé ara ọmọ? Ìdáhùn fún Ìyá Ìbejì ní Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì

Ìbéèrè: "Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin Dókítà. Àbúrò ọkọ mi fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ ní Adó, ọkọ mi sì lọ fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ fún un, àmọ́ wọ́n ní àwọn kò lè gba ẹ̀jẹ̀ náà nítorí pé àyẹ̀wò fi hàn pé ó ní mẹ́dọ̀wú B. Kò sí ohun tó ń ṣe é, oko kòkó ló ń lọ lójoojúmọ́. Ìyá ọkọ mi wá ní kí ó máa dá sùn ní yàrá ìta, pé ẹ̀fọn tó bá jẹ ẹ́ ni yóò gbé àrùn náà lọ bá àwọn ìbejì, tí wọn kò tíì pé ọmọ ọdún méjì. Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ náà ni ojú aládùúgbò wa kan ṣe pọ́n kí ó tó kú ní èṣí, tí gbogbo ènìyàn sì sọ pé ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ ni. Ṣé àrùn kan náà ni? Ṣé òótọ́ ni ọ̀rọ̀ ẹ̀fọn yìí? Àgbo kan tún wà tí wọ́n gbé wá pé kí ó máa mu ní àràárọ̀. Kí ni kí n ṣe?"

Ìyá Ìbejì, mo kí yín, mo sì kí bàbá àwọn ọmọ. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ fi ọkàn yín balẹ̀ lórí ohun tí ẹ torí rẹ̀ kọ̀wé: ẹ̀fọn kì í gbé mẹ́dọ̀wú B, àrùn ẹ̀dọ̀ tí òyìnbó ń pè ní hepatitis B, láti ara ẹnì kan dé ara ẹlòmíràn, nítorí náà kò sí ìdí tí ọkọ yín fi gbọ́dọ̀ máa dá sùn ní yàrá ìta. Abẹ, abẹ́rẹ́, àti ohunkóhun mìíràn tó lè mú ẹ̀jẹ̀ ẹnì kan kan ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíràn, ni ohun tó yẹ kí ẹ máa ṣọ́ nínú ilé. Síbẹ̀, n kò fẹ́ kí ẹ torí ìdáhùn kúkúrú yìí máa wo ìyá ọkọ yín bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ àìmọ̀kan. Ìbéèrè wọn gan-an ni ọkùnrin tó ṣàwárí fáírọ́ọ̀sì mẹ́dọ̀wú B bi ara rẹ̀ ní nǹkan bí àádọ́ta ọdún sẹ́yìn, òun àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ sì wá ẹ̀fọn dé ilẹ̀ Áfíríkà kí wọ́n tó lè dáhùn rẹ̀.

Baruch Blumberg ni orúkọ ọkùnrin náà, ọmọ Amẹ́ríkà tí wọ́n bí ní New York ní ọjọ́ 28 oṣù Keje ọdún 1925. Ọjọ́ ìbí rẹ̀ ni gbogbo ayé fi ń ṣe Àyájọ́ Mẹ́dọ̀wú lọ́dọọdún. Ó sì yani lẹ́nu pé àrùn tí ẹ̀fọn ń gbé kiri ló kọ́kọ́ fà á wọ inú ìwádìí. Nígbà tó ṣì ń kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn, ó lọ ṣiṣẹ́ fún ìgbà díẹ̀ ní Suriname ní Gúúsù Amẹ́ríkà, ibẹ̀ ló sì ti rí i pé jàkùtẹ̀, èyí tí aràn inú ẹ̀fọn ń fà, ń mú àwọn ẹ̀yà kan ju àwọn ẹ̀yà mìíràn lọ, bẹ́ẹ̀ àdúgbò kan náà ni gbogbo wọn jọ ń gbé. Láti ìgbà náà ló ti ń wá ohun tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ tó máa ń jẹ́ kí àìsàn ran ẹnì kan kí ó sì fo ẹnì kejì dá. Ìwádìí yìí ló gbé e dé Nàìjíríà níbí ní ọdún 1957, tó ń gba ẹ̀jẹ̀ lára àwọn ènìyàn wa fún àyẹ̀wò, ó sì gbé e dé ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè mìíràn. Nínú ẹ̀jẹ̀ ọ̀kan lára àwọn onílẹ̀ Australia ni òun àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ ti bá ohun àjèjì kan pàdé, tí wọ́n sì kọ ìròyìn rẹ̀ jáde ní ọdún 1965. Wọn kò mọ̀ nígbà náà pé mẹ́dọ̀wú ni wọ́n ń wò. Ní ọdún 1967 ni ara ọ̀kan lára àwọn òṣìṣẹ́ yàrá àyẹ̀wò wọn kò yá, ó yẹ ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀ wò, ó sì bá ohun àjèjì yìí níbẹ̀, èyí tí kò sí nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Irú nǹkan báyìí ló jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé ara fáírọ́ọ̀sì tó ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́ ni. Òun ni ohun tí wọ́n rí nínú ẹ̀jẹ̀ ọkọ yín ní Adó. Àyẹ̀wò tí a ń pè ní HBsAg kò wá ohun mìíràn. Blumberg gba ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 1976, òun àti alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀, Irving Millman, ló sì gbé ọ̀nà tí a fi kọ́kọ́ ṣe abẹ́rẹ́ àjẹsára mẹ́dọ̀wú B kalẹ̀.

Ohun tó gbé ọ̀rọ̀ ẹ̀fọn wọlé ni pé ilẹ̀ olóoru, níbi tí ẹ̀fọn pọ̀ sí, ni mẹ́dọ̀wú B ti pọ̀ jù. Onímọ̀ tó bá rí èyí tí kò béèrè nípa ẹ̀fọn kò ṣe iṣẹ́ rẹ̀ dáadáa. Ní ọdún 1973, Blumberg àti àwọn ènìyàn rẹ̀ gbé ìwádìí jáde lórí ẹ̀fọn tí wọ́n fún ní ẹ̀jẹ̀ tó ní fáírọ́ọ̀sì náà mu, àti lórí èyí tí wọ́n mú ní ìgbẹ́. Ní ọdún 1976 wọ́n ròyìn pé àwọn rí àmì rẹ̀ nínú ẹ̀fọn tí wọ́n mú ní Senegal, ní ọdún tó tẹ̀ lé e wọ́n sì tún rí i nínú ìdun láti orílẹ̀-èdè kan náà. Bí ẹnì kan bá gbọ́ ìròyìn yìí dé ibi tí mo bá a dé yìí, tí kò sì gbọ́ ìyókù, yóò gbé ẹní ọkọ rẹ̀ lọ sí yàrá ìta. Ìyókù ọ̀rọ̀ ló wà níwájú. Ẹ̀fọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mu ẹ̀jẹ̀ ẹni tó ní àrùn gbọ́dọ̀ ní àmì àrùn náà nínú ikùn, nítorí ẹ̀jẹ̀ onítọ̀hún ló wà níbẹ̀. Kí ó gbé e fún ẹlòmíràn ni ọ̀rọ̀ wà lórí rẹ̀. Ní ọdún 1976 yìí kan náà, àwọn onímọ̀ mìíràn ní Amẹ́ríkà jẹ́ kí ẹ̀fọn mu ẹ̀jẹ̀ tó ní fáírọ́ọ̀sì náà, wọ́n sì jẹ́ kí ẹ̀fọn wọ̀nyí jẹ ìnàkí, ẹranko tí mẹ́dọ̀wú B máa ń ràn gẹ́gẹ́ bó ṣe ń ran ènìyàn. Kò ran àwọn ìnàkí náà. Ti ìdun ńkọ́? Ní Gambia, wọ́n fín oògùn sí ilé àwọn kan láti lé ìdun kúrò lórí ibùsùn àwọn ọmọdé. Ìdun dínkù lóòótọ́, àmọ́ mẹ́dọ̀wú B tó ń mú àwọn ọmọ náà kò dínkù rárá. Ọdún 1994 ni ìròyìn yẹn jáde. Lójú tèmi, ti Gambia yìí wúwo ju ti yàrá àyẹ̀wò èyíkéyìí lọ, nítorí pé inú ilé àwọn ènìyàn bíi tiwa, ní ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà níbí, ni wọ́n ti ṣe é.

Ẹ jẹ́ kí a wo ẹnu ẹ̀fọn fúnra rẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni ìdí ọ̀rọ̀ wà. Abo ẹ̀fọn nìkan ló ń mu ẹ̀jẹ̀, ẹyin tó fẹ́ yé ló sì ń wá a fún. Ohun tẹ́ẹ́rẹ́ tó fi ń gún wa kì í ṣe ihò kan ṣoṣo gẹ́gẹ́ bíi ti abẹ́rẹ́ ilé ìwòsàn. Ọ̀nà méjì ló wà nínú rẹ̀. Itọ́ rẹ̀ ń gba ọ̀nà kan wọ ara wa kí ẹ̀jẹ̀ wa má baà dì mọ́ ọn lẹ́nu, ẹ̀jẹ̀ wa sì ń gba ọ̀nà kejì lọ sínú ikùn rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ tó bá mu lára bàbá kò ní ọ̀nà tó lè gbà padà jáde sára Táíwò tàbí Kẹ́hìndé. Itọ́ nìkan ni yóò tú sí wọn lára. Nítorí náà, àrùn tó bá fẹ́ tọ ọwọ́ ẹ̀fọn wọ ara ènìyàn gbọ́dọ̀ la ara ikùn ẹ̀fọn kọjá láàyè, kí ó pọ̀ sí i nínú ara rẹ̀, kí ó sì rìn títí dé ibi tí itọ́ ti ń sun. Kòkòrò tó ń fa ibà lásán lè rin ìrìn yìí, ó sì máa ń gbà á tó ọjọ́ mẹ́wàá sí mẹ́rìnlá. Fáírọ́ọ̀sì ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ náà lè rìn ín. Ti mẹ́dọ̀wú B kò lè rìn ín, nítorí ẹ̀dọ̀ ènìyàn ló mọ bí a ti ń gbé inú rẹ̀. Tó bá bọ́ sínú ẹ̀fọn, kì í pọ̀ sí i, ṣe ni ẹ̀fọn yóò dà á pọ̀ mọ́ ẹ̀jẹ̀ tó mu, tí yóò sì yà á dànù láàárín ọjọ́ díẹ̀. Bí ẹ̀jẹ̀ bá tilẹ̀ kù sí i lẹ́nu nígbà tí a lé e kúrò lára ẹnì kan, ohun tó kù níbẹ̀ kéré débi pé kò ṣe é kà sí nǹkan kan: gbogbo ohun tó ń mu ní àjẹyó pàápàá kò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá ẹ̀kán omi kan.

Ẹ̀rí mìíràn wà tí kò nílò yàrá àyẹ̀wò. Ìwádìí ńlá tí ìjọba àpapọ̀ ṣe káàkiri Nàìjíríà ní ọdún 2018 fi hàn pé, nínú àwọn ènìyàn láti ọmọ ọdún 15 sí 64, nǹkan bí 8 nínú 100 ló ní mẹ́dọ̀wú B. Ẹ̀fọn ń jẹ gbogbo 100. Tó bá jẹ́ pé òun ló ń gbé e kiri ni, ẹ wo iye wa ní Èkìtì tí ì bá ṣẹ́kù tí kò ní i.

Ní ti aládùúgbò yín, Ọlọ́run yóò tu àwọn ẹbí rẹ̀ nínú, àmọ́ kò sí dókítà tó lè sọ ohun tó pa á láti inú pé ojú rẹ̀ pọ́n. Nígbà tí ẹ̀jẹ̀ tó ti gbó bá ń túká nínú ara wa, àwọ̀ ìyeyè kan máa ń jáde lára rẹ̀, ẹ̀dọ̀ ló sì ń palẹ̀ rẹ̀ mọ́. Bí ẹ̀dọ̀ bá ṣàìsàn, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ bá ń túká ju bí ẹ̀dọ̀ ṣe lè kó o lọ, tàbí tí òkúta bá dí ọ̀nà òróòro, àwọ̀ náà yóò gba ojú, yóò sì gba inú ìtọ̀. Ibà lásán tó bá le lè ṣe é nítorí pé ó ń fọ́ ẹ̀jẹ̀. Ẹni tó ní fòníkú-fọ̀ladìde lè rí i. Oògùn àti àgbo lè fà á. Mẹ́dọ̀wú lè fà á, ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ sì lè fà á. Kódà, fáírọ́ọ̀sì tí ẹnikẹ́ni kò fọkàn sí lè wà níbẹ̀: ní ọdún 1954, onímọ̀ kan tó ń jẹ́ F. N. Macnamara gbé ìròyìn jáde nípa ènìyàn mẹ́ta tí ó rí fáírọ́ọ̀sì Zika lára wọn nígbà tí àìsàn tó ń pọ́n ojú ń jà ní Nàìjíríà, Zika tí ayé ṣẹ̀ṣẹ̀ wá ń pariwo rẹ̀ ní ọgọ́ta ọdún lẹ́yìn náà.

Ẹ wá jẹ́ kí n fi mẹ́dọ̀wú B àti ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ kì í fi ara pamọ́. Láàárín ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́fà tí ẹ̀fọn tó ní i bá jẹ ènìyàn, ara yóò gbóná, orí àti ẹ̀yìn yóò máa fọ́ ọ, èébì yóò máa gbé e. Ọ̀pọ̀ ló máa ń sàn lára wọn láàárín ọjọ́ mélòó kan, àmọ́ nǹkan bí 15 nínú 100 ni àìsàn náà máa ń padà mú lọ́tun, ojú wọn yóò pọ́n, ẹ̀jẹ̀ lè máa yọ láti ẹnu àti imú, ìdajì àwọn wọ̀nyí sì máa ń kú láàárín ọjọ́ 7 sí 10. Ẹni tó bá bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ti bọ́ nìyẹn. Kì í gbé inú ara. Mẹ́dọ̀wú B yàtọ̀ pátápátá. Ó lè tó oṣù kan sí mẹ́fà lẹ́yìn tó wọ ara kí àmì kankan tó hàn, ọ̀pọ̀ ni kò sì ní rí àmì kankan rárá fún ogún tàbí ọgbọ̀n ọdún, títí tí ẹ̀dọ̀ yóò fi le tàbí tí jẹjẹrẹ yóò fi bẹ̀rẹ̀ nínú rẹ̀. Báyìí ni ọkọ yín ṣe ń lọ oko kòkó lójoojúmọ́ láìmọ̀. Ní gbogbo ayé, ènìyàn bíi mílíọ̀nù 254 ló ní i lára ní ọdún 2022 gẹ́gẹ́ bí Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣe ṣírò, púpọ̀ nínú wọn ni kò sì mọ̀.

Ìtàn bí a ṣe dá ẹ̀fọn lẹ́bi ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ gùn. Carlos Finlay ní Cuba ló kọ́kọ́ nawọ́ sí i ní ọdún 1881, wọn kò gbà á gbọ́. Walter Reed, dókítà ọmọ ogun Amẹ́ríkà, àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fìdí rẹ̀ múlẹ̀ ní ọdún 1900. Àmọ́ ìhà ọ̀dọ̀ wa níbí ni wọ́n ti rí fáírọ́ọ̀sì náà mú. Ilé iṣẹ́ Rockefeller gbé àwọn onímọ̀ wá sí Yábàá ní Èkó, ní ọdún 1927 wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ lára ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Asibi ní Gold Coast, tí ó ń jẹ́ Ghana lónìí, wọ́n fi gún ọ̀bọ kan, àìsàn náà sì mú ọ̀bọ náà. Asibi yè é. Adrian Stokes, ọ̀kan lára àwọn onímọ̀ náà, kò yè é. Ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ tó ń wádìí ló pa á ní Èkó ní oṣù Kẹsàn-án ọdún kan náà. Láti inú fáírọ́ọ̀sì tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ Asibi ni Max Theiler ti ṣe abẹ́rẹ́ àjẹsára tí a ń pè ní 17D ní ọdún 1937, òun náà gba ẹ̀bùn Nobel nítorí rẹ̀ ní ọdún 1951, abẹ́rẹ́ náà la sì ṣì ń gún títí di òní.

Ibi tí abẹ́rẹ́ yìí ti bá mẹ́dọ̀wú pàdé ni mo fẹ́ kí ẹ gbé lọ fún ìyá ọkọ yín. Ní ọdún 1942, nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, wọ́n gún abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ fún àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà. Kí oògùn náà má baà bàjẹ́, àwọn tó ṣe é po omi ara ẹ̀jẹ̀ ènìyàn mọ́ ọn, mẹ́dọ̀wú B sì wà lára àwọn kan tí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́ wọn. Ọmọ ogun bíi 50,000 ni ojú wọn pọ́n. Nígbà tí wọ́n padà yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn arúgbó ọmọ ogun náà wò ní ohun tó ju ogójì ọdún lọ lẹ́yìn náà, wọ́n ṣírò rẹ̀ pé yóò tó 330,000 tí fáírọ́ọ̀sì náà wọ ara wọn. Àrùn tí ẹ̀fọn ń gbé ni wọ́n ń sá fún, abẹ́rẹ́ ló sì gbé èyí tí ẹ̀fọn kò lè gbé wọ̀ wọ́n lára. Kò sí omi ẹ̀jẹ̀ ènìyàn kankan nínú abẹ́rẹ́ náà mọ́ láti ìgbà náà, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má torí ìtàn yìí sá fún un.

Àwa náà ní abẹ́rẹ́ tiwa ní Èkìtì. Ẹ wo bàbá tó ń gé èékánná kiri ọjà, tó ń fi àlùmọ́gàjí ọwọ́ rẹ̀ pa àtẹ́wọ́ kí a lè mọ̀ pé ó ti dé: àlùmọ́gàjí kan náà ló ń lò fún gbogbo ẹsẹ̀ tó bá bá pàdé láti òwúrọ̀ di alẹ́, aṣọ kan náà ló sì fi ń nù ún. Ẹ wo kílípà onígbàjámọ̀ tó ti ha àwọn bíi mẹ́ta lórí kí ó tó kan ọmọ yín. Ẹ wo gbẹ́rẹ́ tí wọ́n ń sín fún gbogbo ilé lọ́jọ́ kan, tí wọ́n fi abẹ kan ṣe ti ẹni mẹ́wàá. Fáírọ́ọ̀sì mẹ́dọ̀wú B lè wà láàyè nínú ẹ̀jẹ̀ tó ti gbẹ sára irin fún ọjọ́ méje ó kéré tán, ojú kò sì lè rí ẹ̀jẹ̀ náà. N kò ní kí ẹ má gé irun. Ẹ ra abẹ tàbí kílípà tiyín, ẹ sì máa gbé e lọ. Yàtọ̀ sí ẹ̀jẹ̀, àrùn náà ń gba ìbálòpọ̀ ran tọkọtaya, ìyá tó ní i sì lè kó o ran ọmọ nígbà ìbí. Àwọn ọmọdé tó ní i lè fi egbò àti bíbu ara wọn jẹ ran ara wọn. Àwo oúnjẹ, ife omi, ìfọwọ́kàn, ìgbámọ́ra àti ọmú kì í kó o ranni. Bàbá àti ọmọ lè jọ jẹ iyán nínú àwo kan náà ní alẹ́ òní. Mẹ́dọ̀wú tó ń gba inú oúnjẹ àti omi ìdọ̀tí wọlé ni A àti E, ìyẹn kò sì kan ọ̀rọ̀ yín.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ ṣe kọ́kọ́ ni kí ẹ̀yin náà lọ ṣe àyẹ̀wò, kí àwọn ìbejì sì ṣe é. Ìdí tí mo fi ń kánjú nípa ọmọ ju nípa bàbá wọn lọ ni pé, bí fáírọ́ọ̀sì yìí bá wọ ara ọmọ tuntun, nínú mẹ́wàá irú wọn, mẹ́sàn-án ni yóò máa gbé e kiri títí ayé. Bó bá jẹ́ àgbàlagbà ló wọ̀ lára, ó lé ní 95 nínú 100 tí ara wọn yóò lé e jáde fúnra rẹ̀. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ìgbà ọmọdé ni ó ti wà lára ọkọ yín, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni nínú ẹbí má fi àyẹ̀wò yìí fi ẹ̀sùn ìṣekúṣe kàn án, mo sì gbàdúrà pé kí ẹ̀yin náà má ṣe bẹ́ẹ̀. Bí àyẹ̀wò tiyín bá fi hàn pé kò sí i lára yín, ẹ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára mẹ́ta: ọ̀kan lọ́jọ́ náà, èkejì lẹ́yìn oṣù kan, ẹ̀kẹta lẹ́yìn oṣù mẹ́fà sí ti àkọ́kọ́. Ní ti bàbá àwọn ọmọ, àyẹ̀wò kan ṣoṣo níbi ìgbàẹ̀jẹ̀ kò tíì parí ọ̀rọ̀. Ẹ jẹ́ kí ó lọ sí ilé ìwòsàn ńlá tí yunifásítì ìpínlẹ̀ wa ní Adó, tàbí èyí tí ìjọba àpapọ̀ ní Ìdó-Èkìtì, kí wọ́n wo bí fáírọ́ọ̀sì náà ṣe pọ̀ tó, bí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́, kí wọ́n ya àwòrán ẹ̀dọ̀ náà, kí wọ́n sì yẹ HIV, mẹ́dọ̀wú C àti mẹ́dọ̀wú D wò. Ẹ má fo ti D, èyí tí Mario Rizzetto ṣàwárí ní Italy ní ọdún 1977. Kò lè dá wà, ẹ̀yìn B ló máa ń gùn, ó sì máa ń mú kí ọ̀rọ̀ le sí i. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, wọn yóò tún HBsAg ṣe, èyí tó bá ṣì wà níbẹ̀ nígbà náà la ń pè ní èyí tó ti di alábàágbé. Kì í ṣe gbogbo alábàágbé ló nílò oògùn. Ẹni tó bá nílò rẹ̀ yóò máa lo oògùn bíi tenofovir lójoojúmọ́, èyí tó ń tẹ fáírọ́ọ̀sì náà rì ṣùgbọ́n tí kì í sábà fà á tu tán, nítorí pé ó máa ń sá pamọ́ sínú àwọn ẹ̀yà tín-ín-tìn-ìn-tín tí ẹ̀dọ̀ fi ń ṣiṣẹ́. Ti C nìkan ni oògùn ń wò sàn pátápátá, fún ọ̀pọ̀ jùlọ láàárín oṣù mẹ́ta péré.

Nítorí èyí ni mo ṣe ń bẹ̀ yín lórí àgbo náà. Mo mọ̀ pé ìfẹ́ ló mú ẹni tó gbé e wá gbé e wá. Àmọ́ kò sí àgbo kankan tí ìwádìí ti fi hàn pé ó lé mẹ́dọ̀wú B kúrò nínú ara, bẹ́ẹ̀ ohunkóhun tí ènìyàn bá mu, ẹ̀dọ̀ náà ni yóò gbà á wọlé, yóò tú u palẹ̀, yóò sì jìyà rẹ̀ bó bá le jù. Ẹ̀dọ̀ tí fáírọ́ọ̀sì ti gbà ilé sí kò yẹ ní ohun tí a óò máa dán wò pẹ̀lú egbò igi tí a kò mọ ìwọ̀n rẹ̀. Ògógóró àti páràgà kò yẹ kó kan ẹnu rẹ̀ mọ́. Ẹ̀pà tàbí àgbàdo tó ti bu, kí ẹ dà á nù, ẹ má sùn ún fún un jẹ, nítorí oró inú èébu náà àti mẹ́dọ̀wú B jọ máa ń ran ara wọn lọ́wọ́ láti dá jẹjẹrẹ sílẹ̀ nínú ẹ̀dọ̀.

Ẹ̀fọn kò tíì bọ́ lọ́wọ́ mi o, nítorí pé òun ló kù tó lè pa ọkọ yín ní oko. Ẹ̀fọn tó ń gbé ibà lásán máa ń jẹni ní òru, nẹ́ẹ̀tì sì lè dènà rẹ̀. Kí bàbá àti ìyá àti ìbejì sùn sábẹ́ nẹ́ẹ̀tì. Èyí tó ń gbé ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ ní tirẹ̀, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ máa ń ní àmì funfun, ọ̀sán ni òun máa ń jẹni, nínú igbó àti láàárín ilé pẹ̀lú, nẹ́ẹ̀tì alẹ́ kò sì bá a pàdé. Omi díẹ̀ ló fẹ́: ihò igi, ìdí ewé kókò, táyà àtijọ́, àmù tí a kò dé, àti èèpo kòkó tí a là tí a sì kó jọ sílẹ̀ lóko, tí òjò wá rọ̀ sí. Bí ọkọ yín bá yí èèpo kòkó kan sókè lẹ́yìn òjò ọjọ́ mélòó kan, yóò rí tanwíjí tó ń fò ṣóńṣó nínú omi dúdú tó wà níbẹ̀. Kí ó dojú àwọn èèpo náà dé ilẹ̀ tàbí kí ó bò wọ́n mọ́lẹ̀. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2017, lẹ́yìn ọdún púpọ̀ tí a ti rò pé ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ ti tán nílẹ̀, ó tún yọjú ní Ìfẹ́lódùn ní ìpínlẹ̀ Kwara, ìpínlẹ̀ tó bá Èkìtì pààlà, ó sì ti tàn dé ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ láti ìgbà náà. Ẹni tí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ti ń jà pẹ̀lú mẹ́dọ̀wú kò yẹ kí ó fi àrùn mìíràn tó ń kọ lu ẹ̀dọ̀ kún un, nítorí náà, bí kò bá ní káàdì abẹ́rẹ́ náà, kí ó béèrè lọ́wọ́ dókítà rẹ̀ nípa rẹ̀ lọ́jọ́ tó bá lọ. Ẹ̀ẹ̀kan péré la ń gún un, ó sì tó fún gbogbo ọjọ́ ayé.

Ní ti àwọn ìbejì, ẹ mú káàdì àjẹsára wọn jáde kí ẹ wò ó báyìí. Ó yẹ kí ẹ rí abẹ́rẹ́ mẹ́dọ̀wú B tí wọ́n gún láàárín wákàtí 24 tí ẹ bí wọn, kí ẹ rí àwọn tó tẹ̀ lé e ní ọ̀sẹ̀ 6, 10 àti 14 nínú abẹ́rẹ́ alárùn-ún-lọ́kan, kí ẹ sì rí ti ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ ní oṣù 9. Bó bá jẹ́ pé ilé ìyá agbẹ̀bí ni ẹ bí wọn sí, ó ṣeé ṣe kí ti ọjọ́ ìbí má sí níbẹ̀. Ẹ sọ fún nọ́ọ̀sì. Bí àlàfo bá wà níbikíbi, ìlera alábọ́ọ́dé tó wà ládùúgbò yín lè dí i, wọ́n sì lè gún ti mẹ́dọ̀wú àti ti ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ fún ọmọ kan náà ní ọjọ́ kan náà, níbi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lára.